Omi Mélòó?

…tí kò sì ṣí. Ìyàndá tún fà á. Kò ṣí. Ó fi orúnkún ti ara ẹ̀rọ ìfọṣọ náà, ó di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú bí ẹni tó ń fa ewúrẹ́ jáde nínú oko olóko, ó fà á títí èjìká rẹ̀ fi dún. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Lẹ́yìn gíláàsì róbótó tó wà lójú ilẹ̀kùn náà, omi wà níbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́. Àwọ̀ omi náà kì í ṣe àwọ̀ ọṣẹ.

Aṣọ Ọdún Alfa Tàjúdíìn, ìmáámù àwọn Yorùbá Sokoto, wà nínú omi yẹn.


2. ẸNI TÓ Ń JẸ́ ÌYÀNDÁ

Àlíyù Ìyàndá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Alágbàfọ̀, ọmọ alágbàfọ̀. Ó dé Sokoto ní 1934 pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléédú kan àti òfin kan.

Bàbá rẹ̀ ló fún un ní òfin náà: aṣọ tí a ó fi kírun, omi mẹ́ta ni a ó fi ṣàn án. Omi kìíní fún ọṣẹ. Ìkejì fún ìdọ̀tí. Ìkẹta fún Ọlọ́run. Tuntun ni omi kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́. Èyí tó bá ti kan aṣọ lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ ló ń lọ.

Òfin yìí ló ń bọ́ ọ. Àwọn alágbàfọ̀ mìíràn wà nílùú tó ń lọ fọṣọ létí odò, níbi tí màlúù ti ń mumi tó sì ń tọ̀ sí i. Ìyàndá kì í dárúkọ wọn kó má tutọ́. Bí Ọdún bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn Yorùbá Sokoto ń kó aṣọ funfun wọn wá. Bó bá sì ń dá a padà, ẹni tó ni aṣọ á na ọwọ́, kò ní tíì gbà á. Á kọ́kọ́ béèrè:

— Omi mélòó?

— Mẹ́ta.

Ìgbà náà ni wọn tó ń gba aṣọ. Ọdún mẹ́tàlélógún, ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Bàbá Olómi-mẹ́ta ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.


3.

Ó ní imú. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Imú gíga ni. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà yín kó sọ irú omi tí ẹ fi fọ ìrọ̀rí. Ìyàwó rẹ̀, Àlàkẹ́, sọ nígbà kan pé bí Bàbá Bùsírátù bá dé ọ̀run, yóò kọ́kọ́ gbóòórùn aṣọ àwọn málàíkà ná kó tó kí wọn.


4. ÌWÉ TÓ WÀ LÁRA ÒGIRI

(Ọdún 1956 ni ọsibítù aláboyún kan lẹ́yìn odi ìlú gba Ìyàndá sí iṣẹ́ aṣọ fífọ̀. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ kan tó ti gbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Rélùwéè gbé e dé Gusau, lọ́rì gbé e dé Sokoto. Àmínù, ọmọ Ìlọrin, akọ̀wé ọsibítù, ló tú ìlànà rẹ̀ sí Yorùbá fún un.)

BÍ A ṢE Ń LO Ẹ̀RỌ

Kìíní. Kó aṣọ sínú. Ti ilẹ̀kùn. Tẹ ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ títí yóò fi dún kẹ́ẹ́.

Ìkejì. Ẹ̀rọ yóò fa omi lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì da omi nù lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìkẹta. Bí omi bá wà nínú, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Má bá a jà.

Ìkẹrin. MÁ FI IPÁ ṢÍ I.

Ìkarùn-ún. Má fi ipá ṣí i. (Mátírọ́ọ̀nù ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.)


5. BÍ ILẸ̀KÙN NÁÀ ṢE Ń TÌ

Nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀rọ, àpò rọ́bà kan wà níbẹ̀, kò tóbi ju àpòòtọ̀ ewúrẹ́ lọ. Bí omi bá wọlé, á ti atẹ́gùn sínú àpò náà, àpò á wú. Bí àpò bá wú, á ti ìṣó irin kan sókè. Ìṣó á wọ ihò lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ó tán. Bó o tiẹ̀ lágbára bíi ràkúnmí, o ò lè ṣí i.

Bí omi bá jáde, àpò á rọ. Ìṣó á sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀kùn á ṣí.

Kò ní kọ́kọ́rọ́. Kò mọ ẹni tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù, kò sì mọ alágbàfọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀: omi wà, tàbí omi kò sí.

Nǹkan kan tún kù. Agbada irin méjì ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀kan nínú èkejì. Èyí tó ń yí ló ní ihò wẹ́wẹ́ lára. Èyí tó wà lóde kì í yí. Òun ló ń gba omi dúró. Bí omi díẹ̀ bá ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ èyí tó wà lóde, ojú ènìyàn kò lè rí i láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ìṣó nìkan ló ń mọ̀.


6.

Nínú oṣù Rájábù, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Ẹ̀rọ á ti dúró, Ìyàndá á wo inú gíláàsì, kò ní rí omi kankan, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Á jókòó sórí àpótí, á máa ka tẹ̀súbáà rẹ̀, á dúró dè é títí yóò fi ṣí fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí.


6, LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I.

Irọ́ ni. Kò dúró.

Sípóòkì kẹ̀kẹ́ ló mú, ó tẹ orí rẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ó kì í bọ inú ihò, ó fi ti ìṣó wálẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìṣó náà ló ń ṣàìsàn. Látọjọ́ yẹn, sípóòkì di irinṣẹ́. Ó ń gbé e kọ́ ara ìṣó ògiri, lábẹ́ ìwé Àmínù, lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀mejì.

Òórùn ńkọ́? Òórùn wà. Ṣùgbọ́n ibi tí gbogbo aṣọ ti jẹ́ aṣọ ìkúnlẹ̀ abiyamọ, tí oògùn apakòkòrò ń ta ni nímú láti àárọ̀, ta ni yóò sọ pé èyí ni òórùn, èyí kọ́? Imú gíga ti kú, kò sì mọ̀ pé ó ti kú.


7. ÌKÉDE

Sí àwọn òṣìṣẹ́ gbogbo. Nǹkan ń yọ sí àwọn ọmọ tuntun lára, eéwo wẹ́wẹ́ lọ́rùn àti nídìí. Kí ẹni tó ń fọṣọ rí i pé aṣọ ń mọ́ dáadáa.

— Mátírọ́ọ̀nù. Oṣù Ṣáábánì.


(Ìyàndá ní kí Àmínù tú u sí Yorùbá fún òun. Ó gbọ́ ọ tán, ó bínú. Ó ní, “Èmi? Èmi Olómi-mẹ́ta?” Ó yí ìwé náà padà, ó kọ iye aṣọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.)


8. ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN, ÀÀWẸ̀ KỌKÀNDÍNLỌ́GBỌ̀N, 1957

Aṣọ tí ó ti fi ọwọ́ fọ̀ fún Ọdún: mọ́kànlá. Omi mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Aṣọ tó ṣẹ́kù: ẹyọ kan. Agbádá Alfa Tàjúdíìn àti láwàní rẹ̀. Bàbá Alfa ló ra aṣọ náà bọ̀ láti Mẹ́kà. Ó wúwo bí àgùntàn tí òjò pa. Ìyàndá ti fi òwú pupa ṣe àmì sí etí rẹ̀ nínú, kó má bàa pò mọ́ ti ẹlòmíràn. Alfa wọ̀ ọ́ jókòó ṣe tàfísìrì, ìtumọ̀ Àlùkùránì, ní òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ kó tó dé.

Oòrùn: bí oòrùn Sokoto ṣe ń rí nígbà tí òjò kò tíì rọ̀. Itọ́ ti gbẹ lẹ́nu aláàwẹ̀.

Ìbàdí Ìyàndá: ó ti kọ̀.

Ohun tó sọ fún ara rẹ̀: ẹ̀rọ ń fa omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ló sọ pé ọwọ́ ènìyàn ni omi mẹ́ta gbọ́dọ̀ ti wá?

Ó di aṣọ Alfa sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé e lọ sí ọsibítù. Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ kọ̀, kò fẹ́ ṣí. Kò sí aṣọ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó kọ̀. Ó na ọwọ́ mú sípóòkì.

Bísímílláhì, ó tì í wálẹ̀.


9.

Ó jókòó sórí àpótí, ó di ojú, ó ń fetí kà á. Ó gbọ́ tí omi wọlé. Ọ̀kan. Ó gbọ́ tí ó wọlé. Èjì. Ó gbọ́ tí ó wọlé. Ẹ̀ta. Ó ní àlùhámúdù.

Ó la ojú. Ẹ ti mọ ohun tó rí. Òun la fi bẹ̀rẹ̀.

Ó gbé sípóòkì. Sípóòkì wọ́.


10. ÒUN ÀTI DANLADI

(Danladi ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnì iná ọsibítù. Ọmọ Sokoto ni, ṣùgbọ́n ó gbé Jẹ́bà rí, ó gbọ́ Yorùbá. Ó ń múra láti pa ẹ́ńjìnì kó lọ sílé fún Ọdún nígbà tí Ìyàndá sáré bá a.)

DANLADI: Kai! Baba, kí lẹ kó sínú rẹ̀?

ÌYÀNDÁ: Aṣọ ọsibítù.

DANLADI: Aṣọ ọsibítù ló ní láwàní?

ÌYÀNDÁ: Ṣáà bá mi ṣí i.

DANLADI: Tó. Èmi ò rí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ n wo ìṣó yẹn. Ta ló ha á lára báyìí?

ÌYÀNDÁ: Èmi ni. Ó ń ṣàìsàn.

DANLADI: Ìṣó ń ṣàìsàn? Haba, Baba! Wallahi, òun nìkan lara rẹ̀ le nínú ẹ̀rọ yìí. Ó ń sọ fún yín pé omi ṣì wà nísàlẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Ẹ̀yin sì ń fi irin gún un lẹ́nu kó dákẹ́.

ÌYÀNDÁ: Mo wo inú rẹ̀. Mi ò rí omi.

DANLADI: Inú èwo lẹ wò? Ihò tí omi ń gbà jáde ti dí. Ó ń jáde díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ń ṣẹ́kù. Lónìí ó dí pátápátá. Ọjọ́ wo lẹ ti ń lo sípóòkì?

ÌYÀNDÁ: Láti Rájábù.

DANLADI: Subhanallah.

ÌYÀNDÁ: Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, Danladi. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fa omi.

DANLADI: Ó fa omi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ gbọ́ tó dà á nù?


11. OHUN TÍ DANLADI FÀ JÁDE LẸ́NU IHÒ

Báńdéèjì, ó gùn tó apá mẹ́ta, ó ti yọ̀ bí ilá àná.

Òwú tútù, ó dúdú.

Bọ́tìnì mẹ́rin.

Irun.

Ẹ̀jẹ̀ dídì.

Ohun kan tó rọ̀. Danladi wò ó, ó wo Ìyàndá, ó fi ṣọ́bìrì gbé e lọ sin. Ẹnì kankan nínú wọn kò dárúkọ rẹ̀, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Lẹ́yìn náà ni omi wá. Omi oṣù mẹ́ta. Ó bo ilẹ̀ símẹ́ǹtì, ó bo ẹsẹ̀ Ìyàndá méjèèjì títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wò ó, ó ń rí ni lára láti sọ. Òórùn náà kì í ṣe òórùn tí ènìyàn ń fi imú gbọ́ nìkan. Ó ń jókòó síni lórí ahọ́n.

Nígbà tí omi jáde tán, ìṣó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Kẹ́ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.


12. NÍPA ÈÉBÌ ALÁÀWẸ̀

Bí èébì bá gbé aláàwẹ̀ tí kò mọ̀ọ́mọ̀, ààwẹ̀ rẹ̀ kò bàjẹ́.

Bó bá mọ̀ọ́mọ̀ bì, ó bàjẹ́.

Bó bá dé ẹnu, tó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì padà, ó bàjẹ́.

Danladi ń wo Ìyàndá. Ìyàndá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó gbé e mì.


13.

Ọmọ tuntun kò lè béèrè omi mélòó.


14. ÒUN ÀTI ÀLÀKẸ́, NÍLÉ, LẸ́YÌN ALÁSÁRÌ

(Táńkì ọsibítù ti gbẹ, ẹ̀rọ ti fa èyí tó kù nínú rẹ̀ tán, Danladi sì ti pa ẹ́ńjìnì. Ìyàndá gbé aṣọ tútù náà wálé nínú bàsíà.)

ÀLÀKẸ́: Bàbá Bùsírátù, kí ló ń rùn báyìí?

ÌYÀNDÁ: Oògùn ọsibítù ni. Bá mi fa omi.

ÀLÀKẸ́: Oògùn kọ́ nìyí. Mo ti bímọ rí. Mo mọ òórùn yìí.

ÌYÀNDÁ: Àlàkẹ́, fa omi.

ÀLÀKẸ́: Aṣọ ta nìyí? (Ó yí etí aṣọ síta, ó rí òwú pupa.) Yéè! Innalillahi!

ÌYÀNDÁ: Omi mẹ́ta á mú un kúrò.


15. KÀǸGA

Omi kìíní: ó jáde bíi zobo.

Omi kejì: ó jáde bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Òórùn ṣì wà.

Omi kẹta: Àlàkẹ́ sọ garawa sí kàǹga, garawa kan ilẹ̀. Ẹrẹ̀ ló gbé wá. Gbogbo agbo ilé ló ti ń fa omi láti àárọ̀ fún ìwẹ̀ Ọdún.

Àwọn máì rúwà, tó ń ru omi tà kiri: wọ́n ti lọ sí abúlé wọn fún Sállà.

Kàǹga mọ́ṣáláṣí Yorùbá: kì í gbẹ. Kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà ilé Ìyàndá. Alfa Tàjúdíìn jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bó ṣe máa ń jókòó ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ààwẹ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà.


16.

ÀLÀKẸ́: Ẹ lọ fa á níbẹ̀.

ÌYÀNDÁ: Kí n wá sọ pé kí ni mo fẹ́ fi omi ṣe?

ÀLÀKẸ́: Ẹ sọ òtítọ́. Ẹ ní aṣọ wọn kan nájísì, kò ṣe é fi kírun, ẹ ń fọ̀ ọ́. Alfa ò ní pa yín. Wọ́n ní agbádá mìíràn, èyí aláwọ̀ ewé.

ÌYÀNDÁ: Kí gbogbo Sokoto wá gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ìkúnlẹ̀ ni Olómi-mẹ́ta fi fọ aṣọ Alfa? Ta ni yóò tún gbé aṣọ fún mi? Ṣé kí n lọ máa bá àwọn olódò jókòó ti màlúù?

ÀLÀKẸ́: Orúkọ yín lẹ ń fọ̀. Ẹ ò fọ aṣọ.

Ìyàndá bínú sí i gidigidi. Ó bínú nítorí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ ju aṣọ náà lọ.


17.

“An ga wata! An ga wata!” Àwọn ọmọ Hausa ń sáré lójú títì. Wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀la ni Ọdún.

Àlàkẹ́ fẹ́ná mọ́ èédú áyọ́ọ̀nù. Ó lọ aṣọ náà ní tútù, ó lọ̀ ọ́ gbẹ. Èéfín tó ń ti ara aṣọ dìde kò dára. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń lọ aṣọ bí ẹni ń sunkún. Lẹ́yìn náà, Ìyàndá fúnra rẹ̀ ló sun tùràrí lábẹ́ aṣọ náà títí ilé fi ṣókùnkùn fún èéfín. Ó gbé e sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Tùràrí ni. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Tùràrí ni, àti nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀.


18. ẸNU Ọ̀NÀ ALFA, LẸ́YÌN ÌṢÍNU

ALFA: Ìyàndá! Barka da shan ruwa.

ÌYÀNDÁ: Ẹ kú ìṣínu, Alfa.

ALFA: Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Kò sí ààwẹ̀ ọjọ́ kankan tó bọ́ sọnù lọ́wọ́ rẹ?

ÌYÀNDÁ: Kò sí, Alfa.

ALFA: Àlùhámúdù. (Ó na ọwọ́. Kò tíì gbà á.) Omi mélòó?

ÌYÀNDÁ: Mẹ́ta.

Alfa gba aṣọ.

Ẹyin lohùn. Irọ́ méjì ló já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn láàárín ìgbà tí ènìyàn fi ń bọ bàtà, àgbàlagbà ló sì sọ wọ́n, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀.


19. ỌJỌ́ ỌDÚN

Yídì dára. Ní yídì, ènìyàn pọ̀ bí eṣú, ẹṣin wà, erùpẹ̀ wà, lọ́fíńdà àwọn ọlọ́lá wà. Ta ló máa gbóòórùn ta? Alfa wà níwájú lọ́ọ̀ọ́kán, funfun láàárín funfun. Ìyàndá bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó kí àwọn ènìyàn ní Barka da Sállà.

Ó rò pé ó ti tán.

Kò tán. Bí wọ́n bá ti yídì dé, àṣà àwọn Yorùbá ni pé kí gbogbo wọn kírun Ayílà ọ̀sán papọ̀ ní mọ́ṣáláṣí wọn kí wọ́n tó túká lọ jẹun. Mọ́ṣáláṣí náà kéré. Àjà rẹ̀ kò ga. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Alfa ló sì ń ṣíwájú.

Àyè Ìyàndá, láti ọdún mẹ́tàlélógún, ìlà àkọ́kọ́ ni. Ẹ̀yìn Alfa gan-an.


20. RÁKÀÁ MẸ́RIN

Ìkíní. Òógùn. Ẹ̀yìn agbádá Alfa ti tutù láàárín èjìká méjèèjì. Tùràrí ń lọ.

Ìkejì. Tùràrí ti lọ.

Ìkẹta. Wọ́n foríbalẹ̀. Etí agbádá Alfa tẹ́ sílẹ̀ níwájú Ìyàndá, kò jìnnà sí imú rẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Ó rí òwú pupa tó fi ṣe àmì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú náà, ó rí ìlà kan tó pupa rẹ́súrẹ́sú, ó yí etí aṣọ náà ká bí ẹsẹ̀ omi lára ògiri. Áyọ́ọ̀nù ti sè é mọ́ aṣọ. Imú rẹ̀ tó ti kú láti Rájábù jí lójijì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀: báńdéèjì, òwú dúdú, èyí tí Danladi sin. Ó fi iwájú orí kan ẹní, ó ní Mímọ́ ni Olúwa mi, Mímọ́ ni Olúwa mi, Mímọ́ ni Olúwa mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìkẹrin. Ẹnì kan ní ìlà kejì wúkọ́. Ẹlòmíràn fi imú fín-ìn. Èébì tún gun Ìyàndá dé ọ̀fun. Kò sí ààwẹ̀ mọ́ lónìí. Ó lè bì í.

Ó gbé e mì.


21.

Alfa sálámà sápá ọ̀tún. Ó sálámà sápá òsì. Ó yí padà, ó kọjú sí wọn, gẹ́gẹ́ bí ìmáámù ṣe máa ń ṣe. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ó gbé apá aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ó gbé e dé imú. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Páànù ń dún lókè nítorí oòrùn. Ó gbé apá aṣọ sọ̀kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kò le. Ìbá sàn kó le.

ALFA: Ìyàndá.

ÌYÀNDÁ: Alfa.

ALFA: Gbogbo àwa tí a wà níbí la kírun lẹ́yìn aṣọ yìí. Bí a bá ní láti tún un kí, àkókò ṣì wà. Nítorí Ọlọ́run ni mo fi bi ọ́, kì í ṣe nítorí tèmi. Omi mélòó?

ÌYÀNDÁ: Méjì, Alfa.